Ohun tó yanjú adverbial clause fáwọn ọmọ SS3 mi

Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ ní Ọ̀fà níbí gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, àmọ́ ìbéèrè "grammatical name and function" inú WAEC, níbi tí wọ́n ti ń ní kí wọ́n sọ orúkọ awẹ́ gbólóhùn (clause) kan àti iṣẹ́ tó ń ṣe, ń dà wọ́n láàmú. Bí wọ́n bá ti rí "when" báyìí, "adverbial clause of time" (awẹ́ gbólóhùn tó ń sọ àsìkò) ni wọ́n máa kọ. Ẹ wo méjì yìí:

"I know when the bus leaves Offa."
"We shall eat when the bus leaves Offa."

Mo ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìṣe bi ìbéèrè. Mo mọ kí ni? Nǹkan ni ìdáhùn: noun clause (awẹ́ gbólóhùn tó ń ṣiṣẹ́ bí ọ̀rọ̀ orúkọ), object fún "know". A máa jẹun nígbà wo? Àsìkò ni ìdáhùn: adverbial clause of time, ó ń ṣe àpọ́nlé fún "shall eat". Ibẹ̀ lojú wọn ti là. Kí wọ́n sì kọ function náà o: "It modifies the verb 'shall eat'." Máàkì wà níbẹ̀.

Tó bá ṣì ń rú wọn lójú, kí wọ́n gbé e síwájú: "When the bus leaves Offa, we shall eat." Ó dúró, kọmá sì wọlé. Ti "I know" kò ní dúró bẹ́ẹ̀.

"Nítorí kí ni?" ló ń mú adverbial clause of reason (èyí tó ń sọ ìdí) jáde. "Although" (bó tilẹ̀ jẹ́ pé) ló ṣagídí jù, torí "síbẹ̀" tó ti mọ́ wa lẹ́nu: wọ́n á fi "but" tẹ̀ lé e. Mo ní kí wọ́n mú ọ̀kan, kí wọ́n fi ìkejì sílẹ̀.