Yunifásítì aládàáni kékeré: àwọn àṣìṣe tó ń fi ọdún kún ọdún akẹ́kọ̀ọ́

Lọ́dún 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba, fi yanṣẹ́ lódì. Àwọn òbí kan tí ọwọ́ wọn gbé e, àti àwọn tí ọwọ́ wọn kò gbé e àmọ́ tí wọ́n ta ilẹ̀, kó ọmọ wọn lọ sí yunifásítì aládàáni, kí ọdún mẹ́rin lè jẹ́ ọdún mẹ́rin. Àbúrò mi, tí o bá wà lára àwọn ọmọ náà, mọ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà fi ọdún kún ọdún. Irú ibẹ̀ ni mo ti jáde. Àwa mọ́kànlá péré la wà ní kíláàsì wa, mẹ́ta ni kò sì bá wa jáde. Kò sí olódo kankan nínú wọn.

Má fojú kékeré wo carryover ẹyọ kan, ìyẹn kọ́ọ̀sì tí o fìdí rẹmi nínú rẹ̀ tí o gbọ́dọ̀ tún ṣe. Àṣìṣe yìí ló ń dùn mí jù, torí pé ó rọrùn láti ṣe. Ní ẹ̀ka tí olùkọ́ rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń kọ́ ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì. Èyí tí o bá fìdí rẹmi nínú rẹ̀ ní sáà kìn-ín-ní, ó di sáà kìn-ín-ní ọdún tó ń bọ̀ kí o tó tún fojú kàn án. Bí kọ́ọ̀sì mìíràn bá sì dúró lé e lórí, ìyẹn náà yóò máa dúró dè ọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan gba F nínú kọ́ọ̀sì ìṣirò kan ní 200 level. Nígbà tí a dé 300 level, wákàtí kan náà ni kọ́ọ̀sì yẹn àti kọ́ọ̀sì tuntun wa bọ́ sí. Mo rí i láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìwé méjì lọ́wọ́, tó ń wo ẹnu ọ̀nà yàrá méjèèjì. Kò mọ èyí tí yóò wọ̀. Nígbà tó fi máa wọlé sí tiwa, olùkọ́ ti pa pátákó rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pín ara rẹ̀ sí méjì títí sáà fi parí, F kan sì bí èkejì.

Ọ̀sẹ̀ tí èsì bá jáde gan-an ni kí o lọ bá course adviser rẹ, olùkọ́ tó ń tọ́ ọ sọ́nà lórí kọ́ọ̀sì. Bi í pé ìgbà wo ni wọ́n tún máa kọ́ kọ́ọ̀sì yẹn, ta ni yóò kọ́ ọ, kí ló sì dúró lé e lórí. Bí wákàtí bá kọlura, sọ fún HOD, olórí ẹ̀ka rẹ, kí wọ́n tó fi àtẹ kíláàsì síta. Níbi tí èèyàn kò pọ̀, wọ́n lè yí wákàtí kan padà nítorí akẹ́kọ̀ọ́ kan. Wọn kò lè yí i fún ẹni tó dákẹ́. Kọ́ọ̀sì tí o jẹ ní gbèsè ni kí o kọ́kọ́ kọ sínú fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì rẹ, torí pé ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, 24 units ni òpin ohun tí o lè forúkọ sílẹ̀ fún ní sáà kan.

Má sì rò pé olùkọ́ tó mọ orúkọ rẹ yóò bò ọ́ láṣìírí. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ló sọ pé ẹni tí kò bá wá sí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún kíláàsì kò gbọdọ̀ ṣe ìdánwò. Nínú kíláàsì ọ̀ọ́dúnrún èèyàn, ẹlòmíràn lè bá ọ fọwọ́ síwèé. Nínú kíláàsì mọ́kànlá, àga rẹ tó ṣófo ń sọ̀rọ̀.

Ti owó: má fi ọ̀rọ̀ owó pamọ́ títí di ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Mo ti rí ọmọbìnrin kan tí wọ́n dá padà lẹ́nu gbọ̀ngàn ìdánwò, bírò lọ́wọ́, tó ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, tí ìyá náà ń pariwo pé, "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?" Ẹ̀yáwó NELFUND tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2024, ti akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni, má fi ìrètí rẹ síbẹ̀. Bí nǹkan bá le nílé, kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì bọ́sárì ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kí o bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí o máa san án díẹ̀díẹ̀, kí o sì jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tìrẹ.

Lẹ́tà ìgbàwọlé tí yunifásítì fún ọ nìkan kò tó. Láti 2017 ni ìgbàwọlé ti ń gba orí CAPS kọjá, ìkànnì ìgbàwọlé ti JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò àṣewọlé, ìwọ fúnra rẹ lo sì máa wọlé síbẹ̀ láti gbà á. Ẹni tí kò ní lẹ́tà JAMB lè kàwé tán kó má lè di àgùnbánirọ̀. Má gbàgbé pẹ̀lú pé ìwé-àṣẹ yunifásítì yàtọ̀ sí ìfọwọ́sí NUC, àjọ tó ń mójútó yunifásítì, fún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan: ilé-ẹ̀kọ́ lè ní àṣẹ kí ẹ̀ka tìrẹ má tíì ní. Ẹ̀kọ́ òfin tún ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ tó ń sọ iye ẹni tí ilé-ẹ̀kọ́ lè rán lọ sí Law School. Béèrè ní 100 level, má dúró di àṣekágbá.

Ti fífo fẹ́ǹsì láìgba exeat, ìwé-àṣẹ láti jáde kúrò nínú ọgbà, mi ò ní í pẹ́ lórí rẹ̀. Mo mọ̀ pé òfin náà le, mo sì mọ bí ara ṣe máa ń há èèyàn nínú ọgbà tí o lè rìn yí ká kí ìrẹsì tó jinná. Àmọ́ sáà kan ni wọ́n sábà ń fi dá ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ dúró, bẹ́ẹ̀ kọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́ ní sáà yẹn, ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n tún máa kọ́ ọ. Bí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí kò bá wa jáde ṣe pẹ́ sẹ́yìn nìyẹn, nítorí ìnáwó ọjọ́ìbí tí kò gbà ju wákàtí mẹ́ta lọ.