Complex bàbà tó dì bí ẹ̀kọ, àti DMSO tó ń pa bakitéríà

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo po salicylaldehyde mọ́ ethylenediamine nínú ethanol, salen aláwọ̀ ìyeyè, ìyẹn ligand tí yóò di bàbà mú, sì jáde dáadáa. Mo da copper sulphate sí i, mo tún fi kọ́sítíìkì sódà kún un kó lè tètè ṣe. Nǹkan búlúù tó ń yọ̀ bí ẹ̀kọ ló dì sísàlẹ̀. Mo gbé e sórí iná, ó di dúdú. Ṣé complex náà, ìyẹn bàbà tí ligand ti dì mú, nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o, àbúrò. Copper hydroxide lo sè. Sódà pọ̀ jù, bàbà ti gba hydroxide kó tó kan ligand. Iná wá lé omi kúrò lára rẹ̀, ó di copper oxide. Dà á nù. Lo copper acetate, má fi sódà sí i rárá: acetate fúnra rẹ̀ ni yóò gba hydrogen tó wà lórí OH ligand. Mole kan sí mole kan, nínú ethanol, lábẹ́ kọndẹ́ńsà fún nǹkan bíi wákàtí méjì. Ègé wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn ni kó o máa retí. Fi ethanol fọ̀ ọ́ dáadáa, torí bàbà tó bá ṣẹ́kù lára rẹ̀ yóò kó bá ọ níwájú.

Ìbéèrè: Kí ni yóò jẹ́ kí n mọ̀ pé kì í ṣe àdàlù lásán?

Ìdáhùn: Nínú IR (àyẹ̀wò ìtànṣán infrared), ìlà C=N, tó wà nítòsí 1630 cm⁻¹, á yẹ̀ díẹ̀; OH á pòórá. Magnetic moment, ìyẹn agbára òòfà rẹ̀, á wà nítòsí 1.8 BM (Bohr magneton). Àwọn tó ń na ìka sí ìlà kan láàárín 400 sí 500 pé "bàbà ti di nitrogen mú nìyí", èmi ò fi bẹ́ẹ̀ gbà wọ́n gbọ́.

Ìbéèrè: Mo wá dán an wò lórí agar, oúnjẹ dídì tí a fi ń gbin bakitéríà: òrùka ibi tí complex ti pa wọ́n jẹ́ mílímítà 13, ṣùgbọ́n DMSO nìkan, omi tí mo fi yòrò rẹ̀, náà ṣe 11!

Ìdáhùn: Má wulẹ̀ yọ 11 kúrò nínú 13 o. DMSO tó pọ̀ máa ń pa bakitéríà fúnra rẹ̀. Kúrò lórí agar, complex tí kì í tètè yòrò kì í rìn jìnnà nínú rẹ̀. Ṣe é nínú broth, oúnjẹ olómi bakitéríà, kí DMSO má ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Kó o wá to wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: DMSO nìkan, ligand nìkan, complex, ciprofloxacin (oògùn tó ń pa bakitéríà), àti copper acetate tí bàbà inú rẹ̀ bá ti complex dọ́gba. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Bó bá pa bakitéríà bíi complex, bàbà lásán ló ń ṣiṣẹ́, kó o kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé rẹ, bí ọ̀gá rẹ tilẹ̀ ń kùn.

Bí a ṣe rí cisplatin, oògùn jẹjẹrẹ tó ní platinum nínú, gan-an nìyẹn: wọ́n wá ohun tó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Iná mànàmáná ni Barnett Rosenberg ń dán wò lára E. coli, kòkòrò náà ń gùn, kò pín mọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, platinum tó yòrò kúrò lára irin tí iná ń gbà wọlé ló fà á. Ọdún 1965 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde.

Tó bá di ọjọ́ kan tó o fẹ́ ṣe ti platinum, má gbé DMSO sún mọ́ cisplatin. Á lé chloride kúrò lára rẹ̀, agbára oògùn á sì relẹ̀. Omi iyọ̀ ni ilé ìwòsàn fi ń pò ó.