Bí a ṣe ń ṣẹ̀dá orin obìnrin etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́

Ẹ kọ́kọ́ mọ omi tí ẹ fẹ́ kọrin sí. Ọ̀sà ló wà lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́. Òkun ṣì wà lápá gúúsù, lẹ́yìn ilẹ̀ Ìbẹjú-Lékkí. Bí orin bá ní ìgbì òkun ń lu èbúté Ẹ̀pẹ́, àwọn ìyá ẹlẹ́ja á rẹ́rìn-ín, wọn ò sì ní bá yín gbè é. Bí Ọlọ́kun, òrìṣà òkun, bá wà nínú orin yín, ẹ tún pinnu bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ní Ilé-Ifẹ̀, aya Odùduwà ni ìtàn pè é. Ìtàn mìíràn ní ọkùnrin ni, Ọlọ́sà, òrìṣà ọ̀sà, sì ni ìyàwó rẹ̀. Èyíkéyìí dára, àmọ́ ẹ má pò wọ́n pọ̀ nínú orin kan.

Ègbè, ìyẹn ìdáhùn tí gbogbo wọn jọ ń kọ, la kọ́kọ́ ń ṣe, kì í ṣe lílé tí ẹnì kan ń dá kọ. Kó má ju sílébù 8 lọ, torí ẹni tó ń họ ìpẹ́ tàbí tó ń fẹ́ iná ẹja yíyan ò ní èémí púpọ̀. Ẹ wo èyí:

Ọ̀sà gbé mi, má gbé mi lọ.

Ohùn ọ̀rọ̀ ni kó darí ohùn orin. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ní "ọ̀sà", ẹ fò sókè sí "gbé", ẹ rọ̀ díẹ̀ ní "mi". "Má gbé" tún wà lókè, "mi lọ" sì sinmi láàárín. Bí orin bá wálẹ̀ ní "gbé" tó sì gòkè ní "mi", "má gbè mí" ni etí á gbọ́, ẹ ti fẹnu ara yín lé oore ọ̀sà lọ. Ibi tí wọ́n bá ti gbé ọ̀rọ̀ tuntun lé ohùn orin ìjọ ni àṣìṣe yìí ti wọ́pọ̀ jù.

Lílé lè gùn ju ègbè lọ díẹ̀, kí ègbè sì tẹ̀lé ìlà kọ̀ọ̀kan:

Ọmọ wà lẹ́yìn, àjẹ̀ wà lọ́wọ́,
Ọjà ti pé, agbọ̀n ẹja kún,
Oyún inú mi, a ó sọ̀ láyọ̀.

Ìlà kẹta ló ru orin náà. Ìre "sọ̀ láyọ̀" tí à ń sú fún aboyún, òun kan náà ni èrò ọkọ̀ ń fẹ́ ní èbúté. Ẹ má wá ṣàlàyé rẹ̀ nínú orin o. Ibi àlàyé ni ọ̀pọ̀ orin ti ń kú. "Obìnrin lágbára bí òkun" ò sọ nǹkan kan, ẹ jẹ́ ká rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ orogún lẹ fẹ́ bá wí, ọ̀sà ni kí ẹ bá wí. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ á gbọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹnu Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, ẹ má fi Yorùbá ilé-ìwé pa á.

Àtẹ́wọ́ ló ń kọ́kọ́ wọlé, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ 1 tẹ̀lé e, agogo 1 sì kẹ́yìn. Kí alágogo dúró lẹ́yìn àwọn elégbè, torí agogo tó bá sún mọ́ ẹni tó ń lé orin máa ń bo ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gbà á sórí fóònù, ẹ lọ ní òwúrọ̀ kí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó pọ̀ lórí omi. Ẹ gbé fóònù sí nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3 sí ẹnu ẹni tó ń lé orin, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú ibi tó ń gba ohùn nítorí afẹ́fẹ́, ẹ má sì gbé e lé àga tí wọ́n ń lù. Orin òrìṣà tí ẹ bá bá lẹ́nu àgbà, ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó gbà á. Òmíràn wà tí kò gbọdọ̀ kúrò ní ojúbọ omi.