Bí thread kan ṣe ń fi dátà lé òmíràn lọ́wọ́ láìlo mutex

Ẹ jẹ́ ká mú thread méjì nínú C++, ìyẹn ọ̀nà iṣẹ́ méjì tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà nínú ètò kan, láìlo mutex, àgádágodo tó ń jẹ́ kí thread kan ṣoṣo wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀kan kọ 42 sínú `data`, ó sì sọ `ready` di true. Èkejì ń ṣọ́ `ready`. Bó bá ti rí true, á ka `data`. Lójú, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ compiler, tó ń sọ kóòdù di èdè ẹ̀rọ, láṣẹ láti gbé ìlà kejì ṣáájú àkọ́kọ́, processor náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí thread tó ń kọ wọ́n kò ní mọ ìyàtọ̀. Èyí tó ń kà ló máa jìyà rẹ̀: á rí true, á sì ka iye àtijọ́.

Ẹ kọ́kọ́ sọ `ready` di `std::atomic<bool>`, irú iye tí thread púpọ̀ lè kọ tí wọ́n sì lè kà pọ̀ láìséwu, tó ti wà láti C++11. Ẹ fi `data` sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ má fi `volatile` rọ́pò `atomic` o. Ti Java lè ṣe iṣẹ́ yìí, ti C++ kò lè ṣe é.

Thread tó ń kọ:

`data = 42;`
`ready.store(true, std::memory_order_release);`

`release` ni odi tí a mọ síbẹ̀: ohun tí a ti kọ ṣáájú rẹ̀ kò lè yọ́ bọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Thread tó ń kà:

`while (!ready.load(std::memory_order_acquire)) {}`
`use(data);`

`acquire` ní tirẹ̀ kì í jẹ́ kí kíkà tó wà nísàlẹ̀ ṣáájú òun. Ẹni tó lo ọ̀kan tó fi èkejì sílẹ̀ dà bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn iwájú, tó ṣí tẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu.

Lúùpù òfìfo yẹn ń jẹ CPU. Bí ìdúró bá máa pẹ́, ẹ lo `wait` àti `notify_one` ti C++20.

Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn ń ka iye nǹkan ni, `fetch_add`, tó ń fi kún iye, pẹ̀lú `relaxed`, tí kì í to kíkọ àti kíkà yòókù, ti tó, níwọ̀n ìgbà tí dátà mìíràn kò bá gbára lé e. Ṣùgbọ́n bí thread kọ̀ọ̀kan bá ń kọ àmì tirẹ̀, tó sì ń wo ti ẹnìkejì, `release` àti `acquire` kò tó: x86, irú processor Intel àti AMD, pàápàá máa ń jẹ́ kí kíkà ṣáájú kíkọ. `seq_cst`, tó ń to gbogbo wọn sí ìlà kan ṣoṣo tí gbogbo thread ń rí bákan náà, ni kí ẹ lò níbẹ̀. Òun náà ni C++ ń lò bí ẹ kò bá yan nǹkan kan, èmi kì í sì í kúrò lórí rẹ̀ àyàfi tí mo bá ti wọn bí iṣẹ́ náà ṣe ń yára tó.

Tó bá di ìdánwò, ẹ má gbọ́kàn lé láptọ́ọ̀pù Intel tàbí AMD nìkan. x86 kì í da kíkọ méjì rú mọ́ra wọn, nítorí náà àṣìṣe lè fara pamọ́ síbẹ̀ títí tí kóòdù yóò fi dé orí fóònù ARM. Ẹ fi `-fsanitize=thread`, tó ń wá irú àṣìṣe yìí, kọ́ kóòdù náà pẹ̀lú compiler GCC tàbí Clang, kí ẹ sì tún sáré rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ARM gidi.