Gúlù tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba yàrá ìyá mi lọ́wọ́ mi

Owó tí mo ná lórí gúlù nìkan ju owó kánfáàsì, férémù àti àwọ̀ lápapọ̀ lọ, nítorí náà ni mo ṣe ń kọ èyí kí ẹlòmíràn tó ti ọwọ́ bọ àpò.

Yàrá ìyá mi ni mo fẹ́ yà, bí ó ti wà nígbà èwe mi: ibùsùn, ẹ̀rọ ìránṣọ, àti kọ́tìnì pupa tí Màámi máa ń fà kí wọ́n tó ka owó èsúsú. Níwájú kọ́tìnì yẹn, eré àlejò ni gbogbo wa ń ṣe. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìyá mi gan-an wà. Ní Òṣogbo, kí àwòrán àti eré ìtàgé pàdé kì í ṣe àjèjì, nítorí Rufus Ògúndélé àti Múráínà Oyèlámì ti ṣeré nínú ẹgbẹ́ Dúró Ládiípọ̀ kí wọ́n tó di ayàwòrán, Jimoh Buraimoh sì ni ó ń tọ́jú iná ìtàgé wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Édouard Vuillard, ayàwòrán ará Faransé tí ó bá ìyá rẹ̀ aránṣọ gbé títí ìyá náà fi kú ní 1928, ni mo ti rí irú ọ̀dà tí mo lò: àwọ̀ lúbúlúbú tí a pò mọ́ gúlù awọ ẹran gbígbóná, èyí tí wọ́n fi ń kun aṣọ ẹ̀yìn ìtàgé. Kì í dán rárá, ohun tí mo sì fẹ́ nìyẹn.

Gúlù yìí fi ojú mi rí màbo. A ó rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, a ó gbé ìkòkò rẹ̀ sínú omi gbígbóná, nítorí bí ó bá hó, agbára rẹ̀ ti dínkù nìyẹn. Bí ó bá sì tutù, yóò dì bí ẹ̀kọ. Nínú òjò oṣù keje, tí iná mọ̀nàmọ́ná kò dúró kí fíríìjì tó mú, ó máa ń rà kí n tó parí etí kọ́tìnì, òórùn rẹ̀ a sì lé ará ilé jáde. Mo dà á nù, mo tún òmíràn rà. Ọlọ́jà tí ó ti búra pé kò lè bàjẹ́ tún fi owó lé e!

Nígbà tí èyí tí ó dára wá dé, pupa tí mo kùn gbẹ tán, ó ṣí. Inú ń bí mi lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wọlé, tí wọ́n ní, “Ṣé o rántí pé bó ṣe rí nìyẹn lẹ́yìn tí Màámi ti fọ̀ ọ́ títí?” N kò fọwọ́ kàn án mọ́. Ọwọ́ Màámi tí ó yọ díẹ̀ létí kọ́tìnì náà, kò sí ohun tí mo yà rí tí ó dára tó o.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dán an wò, kí ó dúró de ọyẹ́, kí ó máa po gúlù níwọ̀nba, kí ó sì kọ́kọ́ kun páálí kan, kí ó jẹ́ kí ó gbẹ kí ó tó dá àwọ̀ lẹ́jọ́. Oníbàárà kan ti ní kí n kun fáníṣì lé e kí ó lè máa dán. Mo kọ̀, nítorí fáníṣì yóò mú àwọ̀ náà ṣókùnkùn, kò sì ní ṣeé yọ mọ́.