Tí lẹ́jẹ́ńdì báà cháàtì yín bá dorí kodò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ n tètè sọ eléyìí kí ẹlòmíì má tún jókòó tì í mọ́jú bíi tèmi. Àwa tá a ń fi Matplotlib, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ya cháàtì nínú èdè kọ̀ǹpútà Python, ya báà tó ń gun ara wọn, mo ya iṣu, ẹ̀gẹ́ àti kòkó fún Adó, Ìkẹ́rẹ́ àti Ìjerò, iṣu tí mo kọ́kọ́ yà ló wà nísàlẹ̀ báà, àmọ́ nínú lẹ́jẹ́ńdì, ìyẹn àpótí kékeré tó ń sọ ohun tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún, òun ló tún wà lókè téńté, ojú ẹni tó ń wò ó á kàn máa lọ sókè sódò ni. Ẹ má tìtorí ẹ̀ lọ tún dátà tò o! Tẹ́ ẹ bá ń lo Matplotlib 3.7 sókè, ẹ kọ ax.legend(reverse=True) (ax ni àyè tẹ́ ẹ ya cháàtì sí), ó tán. Tí Matplotlib yín bá ti pẹ́ ju 3.7 lọ, ẹ kọ èyí (h ni àwọn àmì àwọ̀, l ni orúkọ wọn):

h, l = ax.get_legend_handles_labels()
ax.legend(h[::-1], l[::-1])

Èyí gan-an ni mo fẹ́ràn jù, torí ẹ lè tò ó bó ṣe wù yín, ká ní kòkó lẹ fẹ́ kó ṣáájú, ẹ lo [h[i] for i in [2,0,1]] (láti 0 ni Python ti ń kà, kòkó ló wá jẹ́ 2), kẹ́ ẹ sì ṣe l náà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Tẹ́ ẹ bá yí ọ̀kan ṣoṣo, orúkọ iṣu á bọ́ sórí àwọ̀ kòkó, Python ò sì ní pariwo rárá.