Abẹ́ Ilé Jefferson Ni Kẹ́ Ẹ Ti Bẹ̀rẹ̀

Ilé tó wà lẹ́yìn owó kọ́ìnì sẹ́ǹtì márùn-ún Amẹ́ríkà, Monticello ni, ilé Thomas Jefferson, ààrẹ Amẹ́ríkà kẹta, lórí òkè kan lẹ́bàá Charlottesville, ní Virginia. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, òrùlé roboto yẹn ni mo tẹjú mọ́ títí ọrùn fi ń dùn mí, mo sì padà sílé bí mo ṣe lọ. Ẹ̀ẹ̀kejì ni mo tó gba abẹ́ ilé. Ẹ̀yin náà, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà.

Àmọ́ ẹ dúró lórí òkè ná, kẹ́ ẹ wo bí ilẹ̀ ṣe tẹ́ lọ salalu. Awọnlẹ̀ ni bàbá Jefferson. Ọmọ ọdún 14 ni Jefferson nígbà tí bàbá náà kú ní 1757, ilẹ̀ rẹpẹtẹ ló sì fi sílẹ̀ fún un. Ẹni tó dàgbà síbẹ̀, ẹ ò rí i pé á gbà pé àgbẹ̀ tó ní oko tirẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò lè fowó rà? Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí Virginia pé àwọn tó ń ro oko ni àyànfẹ́ Ọlọ́run. Ní 1803, nígbà tó ti di ààrẹ, ó fi mílíọ̀nù 15 dọ́là ra Louisiana lọ́wọ́ Faransé. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni o, àwọn ẹ̀yà tó ni ín ṣì ń gbé orí rẹ̀.

Ó yá, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wo kíṣìnnì, kẹ́ ẹ wá lọ sí yàrá wáìnì. Àpótí tóóró kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi okùn fà. Ẹrú á ki ìgò sínú rẹ̀ nísàlẹ̀, á gòkè, Jefferson á ṣí ilẹ̀kùn kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdáná ní yàrá oúnjẹ, á mú un jáde. Àlejò ò ní rí ẹni tó gbé e. Ilẹ̀kùn oúnjẹ náà, yíyí ni wọ́n ń yí i: abọ́ wọlé, èèyàn ò wọlé. Àwọn kan ní ọgbọ́n ẹ̀rọ lásán ni. Èmi ò gbà. Ọkùnrin tó kọ ọ́ sínú ìwé ìkéde òmìnira Amẹ́ríkà ní 1776 pé dọ́gbadọ́gba la dá gbogbo ènìyàn ló ṣètò ilé rẹ̀ báyìí.

Lẹ́yìn náà, Mulberry Row, ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ àti ibùgbé àwọn ẹrú wà, níbi tí àwọn ọmọkùnrin ẹrú ọdún 10 sí 16 ti ń rọ ìṣó láti 1794. Jefferson ń kọ iye tí ọmọ kọ̀ọ̀kan rọ sílẹ̀.

Ibojì ló kẹ́yìn. Ẹ wọ bàtà tó rọ̀ yín lẹ́sẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ̀nà ibẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ló ní kí wọ́n kọ sórí òkúta: ìwé ìkéde òmìnira, òfin òmìnira ẹ̀sìn ní Virginia, àti yunifásítì tó dá sílẹ̀. Kò dárúkọ ipò ààrẹ. Gbèsè tó jẹ náà ò sí níbẹ̀, ó ju 100,000 dọ́là lọ nígbà tó kú ní July 4, 1826. Ní January 1827, wọ́n kó èèyàn 130 síta láti tà. Ìwé ìhágún rẹ̀ dá alágbẹ̀dẹ Joseph Fossett sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ta Edith ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn. Edith yìí ló ń dáná ní kíṣìnnì tẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọ̀ yẹn.